Ìjókòó Ẹ̀yìn

Mínnà, 2002

Màámi,

Ara mi le, ọmọ mi náà sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dààmú.

Lọ́jọ́ Àìkú, àlùfáà wa níbí ní Ọlọ́run ti tipa ikú Jésù bá wa parí ìjà. Mo bá wọn jẹ oúnjẹ Olúwa. Kò sẹ́ni tó ní, "Bọ́sẹ̀dé, kọjá sẹ́yìn," bí Bàbá ti ṣe níwájú ìjọ l'Áyédé nígbà tí oyún mi hàn. Mo sunkún díẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni.

Bí Ọlọ́run tí mo ṣẹ̀ bá ti gbà mí, ṣé Bàbá máa jẹ́ kí n gbé ọmọ wálé lọ́dún Àjíǹde?

Ẹ bá mi kí wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ tún kí wọn lọ́la.

Bọ́sẹ̀dé yín