Títì Iwájú Ilé Wa

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Mò ń jẹun dáadáa. Ọkọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí torí dókítà ní kí ọwọ́ ọ̀tún mi sinmi díẹ̀.

Inú ló ń bí mi. Wọ́n fẹ títì iwájú ilé wa, ó gbòòrò bí ẹni pé bàálù fẹ́ balẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n wá lọ gbé afárá síbi tí èèyàn máa rìn títí orúnkún á fi máa gbọ̀n. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì rèé, ó kọjú sí wa gan-an. Mo bá àwọn èèyàn sọdá, ọkọ̀ kan sì rọra gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá kan láàárín àwọn tó ṣe títì wá bá mi lọ́sibítù.

Ó ní, "Màdáámù, kí ló dé tí ẹ ò gba orí afárá?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ti fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀ rí?"

Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré. Ó ní olóríkunkun ló ń pa ara rẹ̀. Màámi, ẹni tí kì í fẹsẹ̀ rìn ló ń yàwòrán ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti rọ yanrìn sínú àpò ìyẹ̀fun, wọ́n tò ó sójú títì kí ọkọ̀ lè máa rọra. Ìjọba kó o dànù, àwọn obìnrin náà tún to òmíràn. Ọkọ mi bá wọn gbé e, bó tilẹ̀ ń tijú láti kọ ọ́ síbí.

Màámi, aṣọ ọmọ tí ẹ rán sílẹ̀ de ìkúnlẹ̀ mi, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín ná. Ẹ bá mi kí bàbá mi àti gbogbo ilé, ẹ ní mò ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ọmọ yín.