Àlùbọ́sà Tí O Fi Síkàáwọ́ Mi Kò Dín

Kájọlà, lọ́nà Ọ̀rẹ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2009.

Motọ́lání, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ṣùbòmí ọmọ yín tó ń fi pijin dá mi lóhùn, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní ojú ọ̀nà Siluko. Ọlọ́run tó mú yín dé Bìní kò ní já yín jù sílẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní di yẹ̀yẹ́, ẹ kò sì ní fi ẹkún sùn. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń ké nígbà tí mo bá ń jókòó, tó sì tún ń ké nígbà tí mo bá ń dìde. Mo sọ ọ́ nítorí pé láti oṣù méjì yìí, bí o bá ti gbé fóònù, àlùbọ́sà lo kọ́kọ́ ń béèrè, pòtétò ló ń tẹ̀ lé e, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kan bàbá. N kò bínú o, mo kàn ní kí o mọ̀ ni.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí òkè. Ìwọ náà mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ilé wa, orí òkè ẹ̀yìn ilé ìwé nìkan ló wà, gbogbo abúlé ló sì ń péjọ síbẹ̀ ní Sátidé, ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà àti ẹni tó ń tọrọ owó, kò sí ohun tí ẹnì kan sọ tí ẹnì kejì kò gbọ́. O ní nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ pè ọ́, kí n rí i pé ẹ̀gbẹ́ àlùbọ́sà ni mo wà, kí n lè máa wò ó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mò ń ru apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nítorí orúnkún, tí mo bá gbé ọ̀kan dé òkè tán, màá sọ̀ kalẹ̀ wá gbé èkejì. Àwọn ará abúlé ti bi mí bóyá àwọn tó wà nínú fóònù ni mo fẹ́ tà á fún.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀. Nígbà tí o kó apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà méjì àti apẹ̀rẹ̀ pòtétò kan wá láti ọjà New Benin ní oṣù kìíní, o ní ibi iṣẹ́ ìwádìí yín fẹ́ mọ bí a ṣe lè tọ́jú wọn kí wọ́n pẹ́ lẹ́yìn ìkórè. O ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà kan sí ojú fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí n fi àpò bo ìkejì sí kọ̀rọ̀, kí n gbé pòtétò sínú òkùnkùn, kí n máa ka èyí tó bá bàjẹ́, kí n wọn èyí tó kù, kí n sì máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O ní ilé mẹ́rìndínlógójì lẹ pín in fún, àti pé bí iṣẹ́ yìí bá yọrí sí rere, Dókítà Títíloyè tó jẹ́ ọ̀gá rẹ yóò buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, nítorí ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ń dán ọ wò. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí létí jù.

Ẹ̀rọ kékeré tí o kọ́ sára ògiri yẹn, má bínú, aago burúkú ni wọ́n tà fún yín. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa sọ pé aago mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lù. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, á ní ó di aago mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí ilé tutù, á tún máa padà sẹ́yìn. Síbẹ̀, ohun tó bá wí ni mò ń kọ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí irọ́ tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ibi tí ẹ kọ rímáàkì sí nínú fọ́ọ̀mù náà, mo rí i pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àdúrà, mo dúpẹ́ pé ilé iṣẹ́ yín bẹ̀rù Ọlọ́run, àdúrà ni mo sì ń kọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìwọ mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ kòkó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa níbẹ̀, pé iye tí wọ́n bá kó sí ọ lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá lọ́wọ́ rẹ. Eku ìbáà jẹ ẹ́, òjò ìbáà pa á, ìwọ tí o ń ṣọ́ ọ lo máa wá a dí. Kò sí ọjọ́ kan tí àwọn alábẹ̀wò dé tí ìwọ̀n mi dín, kódà lọ́dún tí ikán jẹ àpò mẹ́ta. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí mo ṣí àpò tí mo rí i pé àlùbọ́sà mẹ́rin ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀, àyà mi já. Mo rántí ìwé tí Dókítà fẹ́ buwọ́ lù. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo lọ bá Morọ́láyọ̀ tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà wa, mo ra mẹ́rin tó le koko, mo fi wọ́n dípò.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó gun òkè, màá ṣa èyí tó jẹrà kúrò, màá sì fi tuntun dí i. Èyí tó tóbi jù lórí àtẹ ni mò ń mú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ahun ṣe é, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n fi ń lọ sókè. Morọ́láyọ̀ ti béèrè bóyá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà tà. Ti pòtétò ló sì yà mí lẹ́nu jù, nítorí fọ́ọ̀mù yín ka èyí tó bá hù mọ́ èyí tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń roko, n kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí nǹkan hù. N kò bá yín jiyàn. Èyí tó bá hù, màá lọ gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná, màá sì wọkọ̀ lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ ra òmíràn tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyá rẹ ń gé ibi tó dára lára àwọn tó rọ̀, ó ń fi í se ọbẹ̀, ọbẹ̀ wa kò sì tíì dùn tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n kò yé ta kò mí. Ó ní bí ọmọ bá ní kí a máa wo nǹkan kí a lè mọ ìgbà tí yóò bàjẹ́, kí a jẹ́ kó bàjẹ́ kí a sì sọ fún un. Mo ní obìnrin yìí kò mọ iṣẹ́ sítọ́ọ̀. Ta ni yóò fi owó ra oúnjẹ tó dára, tí yóò wá jókòó tì í pé kó jẹrà?

Nígbà tí o wá pè mí ní Sátidé tó kọjá pé nínú gbogbo ilé mẹ́rìndínlógójì, tiwa nìkan ni ẹyọ kan kò bàjẹ́ níbẹ̀, pé Dókítà Títíloyè ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní àfi kí òun fojú ara òun rí yàrá náà, díẹ̀ ló kù kí n jó bọ́ sílẹ̀ láti orí òkè. O ní ẹ máa gba Ekiadolor wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú kámẹ́rà, àti pé wọ́n fẹ́ wọn ògiri kí wọ́n sì bu erùpẹ̀ ilẹ̀ yàrá náà lọ. O tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ṣe ohunkóhun sí àlùbọ́sà náà. Èrò pọ̀ lórí òkè, mo ní rárá. Ohùn rẹ ń gbọ̀n, mo sọ fún ìyá rẹ pé ayọ̀ ni, òun ní ẹ̀rù ni. Nísinsìnyí tó ku èmi àti ìwọ, o ti mọ gbogbo rẹ̀, fọkàn balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Fi owó ààbọ̀ àpò àlùbọ́sà ránṣẹ́ nípasẹ̀ Olúrẹ̀mí awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kó má baà di pé àlejò dé, àlùbọ́sà ti jẹrà, nítorí Morọ́láyọ̀ ti rí i pé n kò lè ṣe aláìrà, ó sì ti fowó lé e. Tó bá ṣẹ́ kù, fi òróró ìpara orúnkún kún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Ní sítọ́ọ̀ kòkó, ìwé méjì ni olùṣọ́ máa ń ní, ìwé ńlá fún àwọn alábẹ̀wò, àti ìwé kékeré inú àpò rẹ̀ tó ń kọ òótọ́ sí, kó lè mọ iye tí yóò wá dí. Ó ti mọ́ mi lára. Gbogbo Sátidé, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ń kọ iye tó jẹrà lójú fèrèsé, iye tó jẹrà lábẹ́ àpò, pòtétò tó hù, àti ìwọ̀n ohun tó kù nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àlùbọ́sà tí mo rà ni mo so òwú pupa mọ́ lórí kí n má baà kà á mọ́ tìrẹ. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún ọ: ti ojú fèrèsé kò pàdánù ju méje lọ, ṣùgbọ́n ti abẹ́ àpò, nínú ọgọ́ta, mẹ́jọ péré ló kù tí kò ní òwú lórí. Àṣé àpò tí ẹ ní kí n fi bò ó ló ń pa á. Irú èyí kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀gá rẹ. Ní Ọjọ́rú, tó bá ku ọ̀la kí ẹ dé, ni màá tú gbogbo òwú náà, ìwé kékeré náà ni mo sì fi sínú lẹ́tà yìí, kí wọ́n má baà rí i nílé wa. Bí o bá ti rí i, sun ún.

Motọ́lání, gbogbo ohun tí mo ṣọ́ láyé mi, ti àwọn ẹlòmíràn ni. Èyí nìkan ni ti ọmọ mi tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ rí, n kò sì fẹ́ kó dín. Ohun rere tí a bá fi sí ìwọ náà lọ́wọ́ kò ní jẹrà, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí mo ṣe tọ́jú àlùbọ́sà yìí, ibi tí òtítọ́ bá ti lè dójú tì ọ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ògúnwálé.