Má Fọwọ́ sí Ìwé Kànga Kejì

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Ibùdó Àwọn Agbẹ́lẹ̀,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o wà dáadáa? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o kò tíì padà lọ rí dókítà, nítorí mo mọ oríkunkun rẹ. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n inú ń bí mi gidigidi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní lọ́jọ́ Ajé ni ìwọ yóò fọwọ́ síwèé kí ilé-iṣẹ́ wa wó ilé rẹ, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga kejì síbẹ̀, torí mo kọ̀wé sí ọ pé gáàsì olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní hílíọ̀mù pọ̀ nínú kànga àkọ́kọ́. Jọ̀wọ́, má fọwọ́ sí i. Irọ́ ni mo pa fún ọ láìmọ̀.

Iṣẹ́ mi níbí ni láti fi ìgò irin gba gáàsì tó ń ti inú kànga jáde, kí n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èsì ìgò mẹ́ta àkọ́kọ́ dé, hílíọ̀mù kún inú wọn. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ó-ti-yá nítorí ìkánjú rẹ̀, kọ̀wé sí gbogbo ayé. Èmi náà sáré kọ̀wé sí ọ. Àgbàyà ni mí.

Ìgbà tó yá ni mo rántí. Kí a tó lo ìgò, a máa ń rọ hílíọ̀mù tiwa sí i láti mọ̀ bóyá ó ń jò, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á fà á jáde. Ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó fa hílíọ̀mù náà jáde. Ohun tí a fọwọ́ ara wa rọ sínú ìgò ni a tún rí níbẹ̀, tí a wá ń jó sí.

Mo lọ bá Ó-ti-yá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Onígò, ẹ lọ máa fọ ìgò yín, ẹ jẹ́ káwa tá a kàwé ka èsì."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń fọ ìgò ló mọ ohun tó kù nínú rẹ̀."

Ó ní kí n jáde. Ọbẹ̀ gbígbóná ló ń fi ìkánjú lá, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò bó.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo sì gba gáàsì sínú ìgò tí mo fà gbẹ fúnra mi. Èsì rẹ̀ dé láàárọ̀ yìí: náítírójìn, gáàsì tó kún inú afẹ́fẹ́ lásán, ló pọ̀ jù, hílíọ̀mù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. N kò sọ pé kò sí nísàlẹ̀ o. Mo ní a kò tíì mọ̀, ihò kan ṣoṣo kò sì lè sọ ọ́. Ó-ti-yá ti ìwé náà bọ àpò, ó ní kò pọn dandan kí àwọn onílẹ̀ gbọ́. Ìwọ ni onílẹ̀ tó ń wí yẹn. Ìwọ, ọmọ ìyá mi.

Mo ti da èsì náà kọ kó tó tì í bọ àpò, ó wà nínú àpòòwé yìí. Bó bá fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kó lé mi. Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Ajé, bi wọ́n pé ìgò wo ni wọ́n fi gba gáàsì wọn.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìyàwó rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó tú gbogbo ẹrù tó ti dì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Bàbá Onígò.