Yàrá Amọ̀ Ìyá Káyọ̀dé

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà, 2026
Ìyàwó mi, Ìyá Káyọ̀dé, kú ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ooru ló pa á. Inú ilé tuntun tí Káyọ̀dé, àkọ́bí wa, kọ́ fún wa ní Oǹdó níbí ló kú sí — búlọ́ọ̀kù àti páànù. Ààrò ni mo ń pe ilé náà. Èmi ni mo ti fèrèsé nítorí eruku, tí mo sì jáde lọ. Káyọ̀dé ò mọ̀. Ó tó.
Mi ò mọ̀wé. Tíṣà Adépéjú, ayálégbé mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má fi adùn kankan sí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta
Ooru. Mi ò rí nǹkan mìíràn sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Mo lọ wo Ògúnníyì, ọ̀rẹ́ mi. Aago méjì ọ̀sán, ó wọ súẹ́tà. Ó ní ara àgbà ò fẹ́ atẹ́gùn. Mo ní ara àgbà ò fẹ́ sàréè náà. Mo bu omi fún un. Ó ní bí òun bá mumi, ìtọ̀ ò ní jẹ́ kóun sùn. Mo ní, "Mu ún láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó o tọ̀ ọ́ tán kílẹ̀ tó ṣú." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ife kan péré ló mu. Láti òní lọ, Súẹ́tà lorúkọ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje
Káyọ̀dé ti Àkúrẹ́ dé, òun àti bíríkìlà. Wọ́n wọn ilé amọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó fẹ́ wó o, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ilé yìí ń dójú tì wá, ẹ jọ̀ọ́." Ibẹ̀ ni yàrá ìyá rẹ̀ wà kí a tó kó sí Ààrò. Mo ti tì í pa láti ọjọ́ ìsìnkú — kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ èsì ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo bá Súẹ́tà nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Fèrèsé wà ní títì. Ara rẹ̀ gbóná bí páànù, ó ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè mí. Bí Ìyá Káyọ̀dé ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo pariwo pe Tíṣà. Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ní: ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, mo ń bọ̀. Ibi tó tutù wo? Ààrò? Mo já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi, a gbé e lọ sí yàrá Ìyá Káyọ̀dé.
Inú yàrá yẹn tutù bí ìdí àmù.
Kí nọ́ọ̀sì tó fa omi sí i lára tán, Súẹ́tà ti ń bú mi nítorí súẹ́tà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti yè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá
Mo ní kí Súẹ́tà máa wá sinmi níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ní òun ò sùn sí yàrá òkú. Mo ní, "Kò kú síbẹ̀. Ilé páànù tí ò ń jowú rẹ̀ ló kú sí." Aago méjì, ó dé, òun àti ìrọ̀rí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá
Àwọn arúgbó tó ń wá sinmi níbẹ̀ ti di márùn-ún. Súẹ́tà ló ń pè wọ́n. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, omi nínú àmù, ayò lórí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi. Ìyá Goodness ń hanrun. Èmi ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó kù. Ẹni tí kò bá dáhùn, mo wọlé. Tíṣà ní mo ti di wọ́dà. Ìyá Káyọ̀dé ìbá lé gbogbo wa jáde, lẹ́yìn náà á gúnyán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó pé ọdún kan lónìí. Káyọ̀dé dé ní aago méjì ku díẹ̀, òun àti bíríkìlà. Mi ò bá a jà. Mo ní kó bọ́ bàtà, kó jókòó díẹ̀ sí yàrá ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti sùn lọ. Súẹ́tà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ bíríkìlà.
Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ Káyọ̀dé. Àkọ́bí mi, ó di tìrẹ. Wó o, tàbí kó o fi í sílẹ̀. Àmọ́ àwọn arúgbó ń bọ̀ lọ́la ní aago méjì; ìwọ ni kó o dá wọn lóhùn.
Tíṣà, bó bá jí, ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Má fo ibi fèrèsé.