Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Ilé Wa

Meadowlands, Soweto.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi Boitshepo,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní Mahikeng. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà Kérésì ti fúyẹ́? Àwa níhìn-ín wà láàyè, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi àbúrò yín ti ṣe ohun tí n kò lè sọ lórí fóònù. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín, irọ́ ni n ó tún pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ rántí bí orúkọ mi ṣe dé orí ìwé ilé. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn tó ń gbé ilé wọ̀nyí wá gba ìwé wọn, àyè orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀. Orúkọ Àǹtí Seipati ló yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi aṣọ fífọ̀ nílé àwọn òyìnbó tọ́ àwa méjèèjì lẹ́yìn ikú Màmá. Àǹtí fúnra wọn ló sọ pé, “Ẹ kọ orúkọ Mothusi. Ó mọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le láti tò sórí ìlà. Kó bá wa dì í mú ni, ilé gbogbo wa ni.” Kò sí ẹni tó kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sínú ìwé kankan. Bí gbogbo ìdílé ṣe ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún yín lóṣù Kejìlá pé mo fẹ́ tún òrùlé ṣe, irọ́ ni. Ejẹ́ǹtì tó ń báni ta ilé ni mo pè. Ebi kò pa mí, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi. Ojú ló ń tì mí pé ilé tí wọ́n bí mi sí ni mo ṣì ń gbé, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ti kó lọ síbi tí géètì ti ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ irú géètì yẹn.

Mabuza ni ejẹ́ǹtì náà ń jẹ́. Aṣọ rẹ̀ a máa mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni èyí sọ di ọ̀pọ̀. Ó rìn yí inú ilé ká, ó ní ká yọ àwọn fọ́tò ìdílé kúrò lára ògiri, ká má sì se ṣàkì lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá ń bọ̀ wá wo ilé. Lẹ́yìn náà ló rí Àǹtí tí wọ́n jókòó ti rédíò wọn, ó bá fà mí lọ sẹ́nu géètì. Ó ní, “Bọ̀dá Mothusi, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Soweto, tó bá ti rí arúgbó ní pálọ̀ báyìí, ó ti mọ̀ pé ilé mọ̀lẹ́bí ni. Kóòtù sì ni ilé mọ̀lẹ́bí máa ń parí sí. Sísá ló máa sá. Ẹ wá ibì kan fi Màmá yẹn sí.”

Mo sọ fún Àǹtí pé a fẹ́ kun yàrá wọn, pé òórùn ọ̀dà kò dára fún àyà wọn. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé tí a máa ń rẹ́ǹtì fún èèyàn. Wọ́n bá mi gbé ìrọ̀rí. Wọ́n tiẹ̀ ń súre fún mi pé mo ń tọ́jú àwọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ àti ìyàwó kan wá, ìyàwó lóyún. Ilé wù wọ́n. A dúró lẹ́yìnkùlé nígbà tí Àǹtí jáde wá sá ṣẹ́ẹ̀tì mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyàwó náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi mí pé, “Màmá yín ni?” Mabuza wò mí. Mo ní, “Rárá o. Ayálégbé ni.”

Àǹtí gbọ́. Ọwọ́ wọn dúró lórí okùn aṣọ. Ìyàwó náà bi wọ́n bóyá wọ́n ti ríbi tí wọ́n máa kó lọ. Wọ́n ní, “Ìgbà tí lánlọ́ọ̀dù bá ní kí n lọ ni n ó lọ, ọmọ mi.” Wọ́n sá ṣẹ́ẹ̀tì mi tán, wọ́n sì wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ń gbá láti ìgbà tí a wà ní kékeré. “Ẹ káàárọ̀, lánlọ́ọ̀dù. Ṣé mo lè pọnmi?” Wọn kò fi ṣeré. Tí mo bá gbé tíì fún wọn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á, bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọ́n ní, “Kò tó nǹkan, sà.” Ẹni tó wẹ̀ mí ní kékeré ń pè mí ní sà. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, inú mọ́tò ni mo ń jókòó sí títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn wọn kí n tó wọlé. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, n kò jáwọ́. Mo ṣì ń retí ìwé àdéhùn títa ilé tí n ó tọwọ́ bọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Mabuza mú un dé. Ó ní nǹkan kékeré kan ló kù tí àwọn tó fẹ́ rà á ní ká kọ sí i, ó sì kà á sí mi létí. Wọn kò ní lé arúgbó tó wà lẹ́yìnkùlé. Kó máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mabuza ní, “Ìyàwó yẹn ló ta kú. Ó ní àánú Màmá yẹn ń ṣe òun, pé wọn ò lẹ́nìkan.”

N kò lè gbé bírò. Mo sọ fún un pé àbúrò ìyá mi ni, pé àwọn ló tọ́ mi. Mo rò pé ẹnu á yà á, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní, “Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ilé tí mò ń tà ládùúgbò yìí ló ní ayálégbé kan tó jọ onílé. Ẹ pè mí tí ara yín bá balẹ̀.” N kò pè é.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí lẹ́yìnkùlé. Mo ní n kò tà á mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ padà sí yàrá wọn. Wọ́n ní, “Ó dáa, sà.” Ṣùgbọ́n wọn kò kó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: “Ìyàwó yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ fún un? Kó má lọ máa ra kọ́tìnì. Ó kí mi dáadáa.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ̀bẹ̀ yìí ju ẹnu èmi nìkan lọ. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà ní Lichtenburg dání, kí wọ́n bá mi bẹ Àǹtí. Ìwé ilé ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi lọ yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Àǹtí, nítorí n kò yẹ mọ́ lẹ́ni tó ń bá ènìyàn di nǹkan mú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Kí ọmọ tí ẹ tọ́ má ṣe sọ yín di àlejò nínú ilé yín láéláé.

Èmi ni àbúrò yín, tí ojú ń tì láti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀,
Mothusi.

Àfikún: Tí ẹ bá dé, ẹ má bá àwọn ará àdúgbò sọ ọ́. Àná ni ìyá tó wà nílé kejì bi Àǹtí pé kí ló gbé wọn dé ẹ̀yìnkùlé, mo sì wà nítòsí. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló béèrè fún un, pé oòrùn àárọ̀ ibẹ̀ dára fún orúnkún àwọn. Wọ́n ní, “Mothusi ò tiẹ̀ fẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ dáadáa ni.”