Ohun Tó Gba Ẹnu Gbòǹgbò Wọlé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Tòmátò ìlà kẹrin níbi iṣẹ́ tún rọ lónìí. Ọ̀sán gangan. Mo ti bomi rin wọ́n láàárọ̀, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, síbẹ̀ ewé wọn so kọ́ bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa.

Mo pe Mo-Ti-Sọ wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ló ni ilé ọ̀rá, ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí a ti ń tọ́ ọmọ tòmátò fún àwọn àgbẹ̀. Lójú rẹ̀, Àǹtí ni mò ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Mo-Ti-Sọ. Ó ní oòrùn ni. Ó ní òun ti sọ fún mi kí n máa bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mò ń bomi rin wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n jí nírọ̀lẹ́ àná, wọ́n tún rọ lọ́sàn-án òní. Ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n — lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ kejì tutù yọ̀yọ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo fa ọ̀kan tu. Ì bá dára kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó jẹun.

Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo fọwọ́ kàn án, awọ rẹ̀ bó sí mi lọ́wọ́, ó ń yọ̀, ó kù tín-ín-rín òwú kan láàárín. Òórùn rẹ̀ dà bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú korobá. Mo fi abẹ la igi rẹ̀. Lóde, ó tutù. Nínú, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan gba ìsàlẹ̀ lọ sókè, tààrà, bí ìpẹtà inú páìpù.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyin tí mo sè, mo wo inú rẹ̀, mo bò ó padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo gbé e lọ bá Onídígí — ọkùnrin tó ń yẹ àrùn ohun ọ̀gbìn wò ní ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tó fi ń wo ohun kékeré, ìyẹn ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí n wá wò.

Mo wò ó. Òwú funfun tó lọ́ mọ́ra wọn. Láàárín òwú náà, nǹkan tó tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n pọ̀ lọ súà — bí èékánná tí ẹnì kan gé dà sílẹ̀.

Mo ní, "Kòkòrò ni?"

Ó ní rárá, ìbátan olú ni, àti ohun tó ń bu sára búrẹ́dì. Ó ní inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó lè sùn síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìjẹ nǹkan kan. Àmọ́ bí gbòǹgbò bá ń dàgbà, omi dídùn díẹ̀díẹ̀ máa ń jò lára rẹ̀. Ìyẹn ló ń jí i. Á na òwú sí gbòǹgbò náà, á gba orí rẹ̀ wọlé, tàbí ibi tí ọkọ́ bá ti dá egbò sí i. Ó di inú iṣan tó ń gbé omi lọ sókè, ibẹ̀ ni á ti máa bímọ. Igi náà á fẹ́ dí i lọ́nà, á da oje sínú iṣan, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

"Òùngbẹ ló ń pa á, Màdáámù. Ó dúró sínú omi, òùngbẹ ń pa á."

Mo béèrè oògùn. Kò sí, tó bá ti wọ inú igi. Ilẹ̀ náà ńkọ́? Ó ní ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Ó wá gbójú sókè. "Níbo lẹ ti bu yẹ̀pẹ̀ yẹn?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí ibẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, lórí ebè tí tòmátò ti kú tán léṣìí. Wọ́n gbẹ́ ihò sí i, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé.

Èmi ni mo máa ń se yẹ̀pẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, kí àrùn inú rẹ̀ lè kú, kí a tó rọ ọ́ sínú tíréè. Lóṣù kẹta, tí ibà gbé mi dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rọ tíréè láìsí èmi níbẹ̀. Wọn ò sè é.

Mo lọ bá Mo-Ti-Sọ. Ó ní yẹ̀pẹ̀ ni yẹ̀pẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹlòmíì mọ̀. Ó ní kí n di ọmọ tòmátò tó ń lọ lọ́jọ́bọ̀.

"Àǹtí, àìsàn ti wà nínú wọn."

"Ṣebí wọ́n dúró ṣánṣán. Tó bá kú sí ẹnì kan lọ́wọ́, kó lọ bi ọwọ́ ara rẹ̀."

Ó ń pa ìpara bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń pa á mọ́ ìka kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Mo jáde, mo tutọ́ dànù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Igba ọmọ tòmátò ni mo gbé fún Bàámi lóṣù kẹrin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ọkọ mi nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pariwo mọ́ mi rí. Ó ń jẹun lọ. Ó ní kí n má gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ òun, ilé ọ̀rá yẹn ni gbogbo wa ń jẹ.

Mo bi í pé ta ló gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ yẹn.

Ó wo abọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n gbẹ́ ẹ. Dúrọ́ọ̀mù á gba ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èèyàn sì ti ń dúró."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Lóṣù kẹrin, òun ló bá mi gbé tíréè jáde nínú mọ́tò ní ilé Bàámi. Òun ni. Bàámi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un, ó ṣe àmín. Ó sì mọ ohun tó wà nínú tíréè.

Ó ní, "Mo rò pé ó lè má ṣe nǹkan kan."

Ó nawọ́ bu búrẹ́dì sí i. Mo wo ìka rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ìka yẹn ti ń kàn mí. Mo dìde nídìí tábìlì, mo lọ bì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilé Bàámi ni mo sùn.

Tíṣà ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí ló kù tí wọ́n ń bá ṣeré. Nínú igba, ó lé ní ogóje tó ti wó lulẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n tọ́, wọn ò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́. Wọ́n ti ta ọ̀rá dúdú bo ìdajì rẹ̀ kí oòrùn má bàa pa á.

Mo jókòó sórí korobá, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ rẹ mọ̀?"

"Ó mọ̀, sà."

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n mú ọkọ́. A jọ ń fà á tu títí ọ̀sán fi pọ́n, a ń kó o sínú àpò pẹ̀lú gbòǹgbò. Òórùn yẹn bá mi wọlé, ó wà nínú irun mi, ó wà nínú ẹ̀kọ tí mo mu. Bí a ṣe ń sun àpò kẹfà ni Bàámi wá sọ pé àwọn pín nínú rẹ̀. Ogójì fún Agbẹ̀bí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Wọ́n ní àwọn fi mí yangàn, pé ọmọ àwọn ló tọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Jẹ́jẹ́ pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ sí ilé ọ̀rá láàárọ̀ kùtù, mo kó bàtà mi, mo sì mú ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn tó ń gba ọmọ tòmátò sí. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo-Ti-Sọ ò tíì dé.

Lẹ́yìn náà, èmi àti Bàámi lọ bá Agbẹ̀bí. Àgbà obìnrin ni, ó ti gbẹ̀bí fún ogójì ọdún kó tó jókòó ti oko. Mo kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin. Ó fa ọ̀kan tu, ó fi èékánná la igi rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, kò fajú ro bíi tèmi.

"Ọdún mélòó lo ní yóò fi wà nínú ilẹ̀ náà?"

"Ó lè tó mẹ́wàá, mà. Ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ lè gbin àgbàdo. Kì í mú àgbàdo."

"Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí báyìí." Ìyẹn nìkan ló sọ nípa ti ara rẹ̀. Ó nu ọwọ́. "Àwọn mélòó ló kù tí o ò tíì sọ fún?"

Mo ṣí ìwé náà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ní mo fẹ́ lọ rò ó ná, bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí n máa pè wọ́n níbí, níṣojú òun, kí n tó lọ bá ẹni tó máa pa mí lẹ́nu mọ́. Bàámi gbé àga wá. Jẹ́jẹ́ tún pè. Mo gé ìpè rẹ̀.

Mo tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan ni, mi ò rí i rí. Ó gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ wa, inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní tòmátò ọ̀hún ti yọ òdòdó, pé Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ mi, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ìyàwó òun ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má tíì dúpẹ́."