Orúkọ Tí N Kò Lè Pè Nínú Ìwé Yín

Ifangni, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Sí Eyínfúnjowó mi ní Kutọnu,

Ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi dá mi lẹ́jọ́. Ó rí bí ìgbà tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ ẹrẹ̀ rìn kọjá lórí àpò sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá mi lọ́wọ́, nítorí CM1, ọdún karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo dé kí ìyá mi tó ní kí n wá máa bó ẹ̀gẹ́ ní Lagbé. Gbólóhùn kan lè gba àkókò tí a ó fi yan gàrí agbada kan. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ kò mọ ohun tí mo kọ, ẹ fò ó, ohun rere ni mo ní lọ́kàn níbẹ̀.

Èmi ni Ọyakẹ́mi, ìyàwó bàbá yín. Báwo ni ara, báwo ni ilé ẹ̀kọ́, báwo ni ooru Kutọnu? Mo gbàdúrà kí ilẹ̀ ibẹ̀ má gbóná mọ́ yín, kí alùpùpù zẹ́mì tí ẹ bá gùn má yà bàrá lójú pópó, kí àwọn olùkọ́ yín fi ojú àánú wo ìdánwò yín. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Bàbá yín kí yín. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jọ ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n a kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé mò ń sọ “ẹ” fún yín, ẹ̀yin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá yín ní ìyá ni mo jẹ́ sí yín báyìí, kí n kọ lẹ́tà bí ìyá. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún péré ni mo dé ilé yìí, mo sì bá yín nílé ni. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó gbéra pé ẹnikẹ́ni tí mo bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè yín ní Eyínfúnjowó, nítorí nínú fọ́tò yín tó wà lára ògiri, eyín yín ni mo kọ́kọ́ rí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Kàtọ́ọ̀nù ìwé ogójì tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ olùfẹ́ ìwé yín fẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá dá sí i kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé, àwọn ọmọ ìlú Daagbé ni yóò gbà á lọ. Èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí àpótí ìwé yín tó wà lábẹ́ ibùsùn. Mo lè parọ́ pé ìkán ni mo ń wò, ṣùgbọ́n ìkán kò sí níbẹ̀. Fóònù bàbá yín ló fà á. Ọjọ́ kan ó gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, mo wò ó, mo rí i pé ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ti fi ọkàn pupa mẹ́rin ránṣẹ́ sí i. Ìyàwó oṣù kan ni mí nígbà náà. Mo fi iyọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́. Ọjọ́ kejì ni Chérifath, ọmọ aládùúgbò wa ọlọ́dún méjìlá tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, wá là mí lóye. Ó ní ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìwé yín ni, pé ẹ ti fi nọ́ńbà bàbá yín sí i kí ó lè máa gbọ́ ohùn yín, pé ọkàn pupa ni ẹ máa ń fi sí ìwé tí ẹ bá fẹ́ràn. Mo bẹ bàbá yín, ó ní ìdí wo ni mo fi ń bẹ òun, n kò sọ fún un. Ẹ má sọ fún un.

Láti ìgbà náà ni èmi náà ti ń fi ọkàn pupa sí ohunkóhun tó bá dára. Mo fi mẹ́ta sí ìkéde ìsìnkú ìyá àgbà Séraphin awakọ̀, nítorí fọ́tò náà dára. Séraphin kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun náà ni yóò gbé lẹ́tà yìí wá fún yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bá mi kí i dáadáa.

Chérifath tẹ ohùn yín sí mi létí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí òjò ń lé, ẹ ń sọ ti ìwé ọmọbìnrin tó ń ta yìnyín létí ọ̀sà, tí àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ gba ìṣòwò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ sunkún débi pé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá rò pé ẹ ti já kulẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ ní ẹni tí kò bá tíì kà á, kò tíì jẹun. Èmi ti jẹun ní tèmi, ṣùgbọ́n ebi tún pa mí. Bí mo ṣe lọ sí abẹ́ ibùsùn nìyẹn.

Ìgbà tí a ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo kọ́kọ́ kà á sókè. Mo ka ti Faransé, mo sì sọ ọ́ ní èdè wa. Chérifath nìkan ló wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó mú Géraud wá, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n di mọ́kànlá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbọ́dọ̀ mú ọ̀bẹ tirẹ̀ dání. Ẹ̀gẹ́ tí a ń fi ọjọ́ méjì bó ń tán kí oòrùn tó rọ̀. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé yín, nítorí ọwọ́ wọn, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí kò bá ní epo ní ẹrẹ̀. Èmi nìkan ló ń ṣí i, èmi náà ló ń fi gèlè mi wé e.

Lẹ́yìn ìwé náà, nọ́ńbà gígùn kan wà lábẹ́ àwọn ilà dúdú wẹ́wẹ́. A mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́ ni. Géraud ní kí a pè é kí a bi í bóyá ọmọ náà yóò rí yìnyín rẹ̀ gbà padà. A tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan ní nọ́ńbà náà kò sí. Chérifath ní a gbàgbé láti fi 01 síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣe báyìí. A fi 01 síwájú, obìnrin náà tún kọ̀. Ó dà bíi pé òǹkọ̀wé náà kò rówó san ti fóònù mọ́. Ẹni tó ń jókòó kọ̀wé láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìgbà wo ni yóò lọ sí oko?

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Ní ojú ewé kejì, mo bá orúkọ yín pàdé. Orúkọ yín gan-an ni ọmọbìnrin oníyìnyín náà ń jẹ́. Àwọn ọmọ ń wò mí lẹ́nu. Mo bá pè é ní Eyínfúnjowó. Ní ojú ewé kẹrin, olùkọ́ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìyá bàbá yín tó ti lọ, mo pè é ní Ìyá-Àgbà. Ní ojú ewé keje, àbúrò bàbá rẹ̀ dé, olè, òpùrọ́, ẹni tó ń wọ bàtà funfun rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ ti kà á, ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ bàbá yín ni. Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo pè é ní Olówó-orí-mi, nítorí n kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè fi pe ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé àgbàlá wa ni ẹni tó kọ ìwé náà jókòó sí tó ń ka iye wa. Ajá nìkan ni mo rí pè lórúkọ. Bandit ni ajá náà ń jẹ́, mo sì ń pè é dáadáa, kódà ní ojú ewé tí kò sí.

Ọjọ́ kan bàbá yín ti oko ọ̀pẹ dé, ó gbọ́ ohùn ọmọ mọ́kànlá lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń pariwo pé Olówó-orí-mi, olè. Ó gbọ́ ohùn tèmi náà tí mò ń sọ pé ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Ó gbé ìdì ẹyìn kalẹ̀, ó yí padà, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò sì jẹ oúnjẹ mi fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bi mí ohun tí ọkọ ṣe fún ìyàwó oṣù méjì tí ìyàwó fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ láti bú u. Mo gbé ìwé náà fún wọn. Bàbá yín fi ìka sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá bi mí pé, “Ṣé mo kú nígbẹ̀yìn?” Mo ní a kò tíì débẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ti ń tètè dé láti oko. Yóò jókòó sídìí ògiri, yóò máa hun apẹ̀rẹ̀ kan tí kò tán títí dòní, yóò ní, “Kí ni mo ṣe lónìí?” Bí ó bá jí yìnyín, bàbá yín á ní ó ní láti jẹ́ pé ó nídìí. Nígbà tí a kà á parí, tí Olówó-orí-mi kò kú, tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, inú bí i. Ó ní irọ́ ni, òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní kí a tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá mo fo nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kejì la wà báyìí.

Èmi ní tèmi, bí Eyínfúnjowó inú ìwé bá ń sunkún, ojú yín ni mo máa ń rí. Ọjọ́ tí wọ́n tì í mọ́ ilé yìnyín, mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ mo lọ nu fọ́tò yín. N kò mọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ èyí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ti wá sílé láti ìgbà tí mo dé, ìgbà mẹ́rin ni ẹ sì kí mi. Mo kà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Jean-Marc ti ẹgbẹ́ yín, onígíláàsì ojú yẹn, wá sí ilé-ìwé láti gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe lè ròyìn ìwé tí wọ́n kà, kí wọ́n tó fún wọn ní kàtọ́ọ̀nù náà. Wọ́n ti wẹ̀, Géraud tilẹ̀ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Chérifath dìde, ó rò ó ní Faransé láìsinmi, ó bú sẹ́kún níbi tó yẹ, àwọn yòókù bá a sun ún. Jean-Marc wo fíìṣì ọwọ́ rẹ̀, ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹni inú ìwé náà sí, ó bi í pé ta ni Olówó-orí-mi. Chérifath ní ọkọ ìyàwó ni. Ó ní ìyàwó wo. Chérifath nawọ́ sí mi.

Nínú gbogbo orúkọ tó wà lórí fíìṣì náà, ti ajá nìkan ni wọ́n gbà. Jean-Marc fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí ìwé náà rí, pé ẹnì kan ló ń pa ìtàn fún wọn nílé. Chérifath ní kí wọ́n bi ẹni tó kà á. Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde. Jean-Marc ní kí n kàn sọ orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín wà lójú fèrèsé, ó ń wo ẹnu mi. Mo la ẹnu, mo pa á dé, mo tún la á, mo ní Bandit.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé n kò lè jẹun. Jean-Marc kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní àwọn ọmọ Daagbé mọ orúkọ gbogbo ẹni inú ìwé tiwọn, ṣùgbọ́n òun yóò dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ẹni tó kà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tí ìwé pè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tí òun pè wọ́n, kí ó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ibí jẹ́rìí níwájú ẹgbẹ́ pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó rò pé n kò lè kàwé. Ó dùn mí bí ìgbà tí agbọ́n ta ni.

Géraud ti béèrè bóyá àwọn ará Daagbé máa ń jẹ́ kí èèyàn dúró létí fèrèsé. Ó ní òun lè rìn lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Nígbà tí mo ń ronú ohun tí n ó ṣe, Chérifath wò mí bí ẹni tó ń wo àgùntàn, ó ní, “Ìyàwó, ẹnu ni wọ́n ní kí ẹ má fi pè é. Ta ló bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀?” N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tọ́. Bí mo bá bi wọ́n, wọn yóò ní kò tọ́.

Nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé lẹ́tà yìí lọ síwájú ẹgbẹ́, kí ẹ ní ọwọ́ ìyàwó bàbá yín ni. Bí ẹ bá sì bínú nítorí àpótí, ẹ bínú sí èmi nìkan, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gba tiwọn. Bàbá yín ní kí n má gbàgbé béèrè owó bàtà fún òun. Ó ní funfun ni kí ó jẹ́.

Ẹ ó ríṣẹ́, ẹ ó rí ẹni tí yóò máa bá yín sunkún lórí ìwé. Ẹ ó kọ ìwé tiyín, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa wọlé. Ilé yìí kò ní ṣú mọ́ yín, ẹ ó sì kí mi nígbà karùn-ún.

Ó yá, mo ti ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi wà ní Lagbé, kò lè rí mi. Eyínfúnjowó inú ìwé náà ń jẹ́ Amandine. Mo ti kọ ọ́, ọwọ́ mi kò rọ. Ó dára lójú, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: Amandine. Ìyá-Àgbà ń jẹ́ Marthe, kí ó dárí jì mí níbi tó wà. Bandit ń jẹ́ Bandit. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo, bàbá yín sì ti ń pè mí láti àgbàlá pé àwọn ọmọ ti dé, pé òun ti jókòó, pé kí ni òun fẹ́ ṣe lónìí, mo ní mò ń bọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá mú mi, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn, Olówó-orí-mi inú ìwé náà ń jẹ́ Dieudo